Ìròyìn Gáàsì Ọjọ́ Ajé

Iṣẹ́ kì í rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti ń ṣe búrẹ́dì ní Kofar Rini nílẹ̀ Hausa yìí, mo ti gbé àpò fúláwà, mo ti tọ́mọ, mo ti bá oníbàárà jà títí ohùn mi fi há, kò rẹ̀ mí. Àìníṣẹ́ ló rẹ̀ mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gáàsì tán nínú táǹkì wa tí ààrò kú mọ́ wa lọ́wọ́, àtìgbà náà ni mo ti ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé kò sí. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì wa lọ tà ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ti ká ẹní wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló ń gbé ẹní dání lọ kí ilé? Mo mọ̀ pé bí ààrò bá tutù bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa náà á ká tiwa.

Gáàsì ti wọ́n káàkiri ìlú nígbà náà, ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ìhà gúúsù kì í dé déédéé. Ìjọba wá ní àwọn á máa pín gáàsì pàjáwìrì fún àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ṣe oúnjẹ fún ará ìlú. Wọ́n kọ orúkọ tiwa náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí a máa fi fóònù ròyìn fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí a sọ ibi tí ọwọ́ aago orí táǹkì wa dúró sí. Bó bá ti wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ọkọ̀ á yà sọ́dọ̀ rẹ. Bí o kò bá sọ, kò sẹ́ni tó máa wá yọjú wo ẹ̀yìnkùlé rẹ.

Ọkọ mi, Alhaji Tàjúdíìn, ló ń ròyìn. Ààrò àti táǹkì jẹ́ tirẹ̀, ọjà títà jẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in láti ìbẹ̀rẹ̀, n kì í sì í tọwọ́ bọ tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé tó ń fi Hausa kí ọmọ ọ́fíìsì yẹn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níhìn-ín. Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ooru ńkọ́, ìdáhùn gbogbo rẹ̀ ni lafiya lau, àlàáfíà ni, bí ilé ẹni bá tilẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Èmi rò pé bí ìkíni bá ti parí, ó ń sọ ohun tó wà ńlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ gáàsì ìjọba gba iwájú ilé wa kọjá. Kò tilẹ̀ rọra. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé ìjà mi lé itan, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Yàhàyá ni ọmọkùnrin tó ń gba ìròyìn náà, ọmọ tó mọ ọmọlúàbí ṣe, ó bá mi wá àga kí n tó la ẹnu. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú, nítorí n kò wá gba àga. Mo bi í pé kí la ṣe fún wọn.

Ó ní, "Hajiya, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó mọ èèyàn kí bí Alhaji. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí ló sọ pé ọwọ́ aago ju ìlàjì lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bákan náà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bákan náà."

Ìjà tí mo gbé wá já bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò lè sọ níwájú ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ lọkọ mi pa. N kò sì rí ẹ̀bi ọmọ náà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ èyí tí inú ń run? Ó wá ṣàánú mi. Ó ní ọkọ̀ kan ṣì kù tó máa gbéra lọ́la, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Kí Alhaji fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, dúró síwájú aago náà lẹ́yìn ìrun Ayílá ọ̀sán yẹn, òun á pè é, kó ka nọ́ńbà ibẹ̀ sétí òun. Láìsí èyí, ọkọ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo bá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ká àpò fúláwà tó ṣófo.

"Bàbá Fathiat, kí lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé?"

"Mo kí wọn."

"Lẹ́yìn ìkíni ńkọ́?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ẹ ní ó ju ìlàjì lọ."

Ó ká àpò kan sí i kó tó dáhùn. "Ṣé kí n máa sọ fún ọmọ tí kò mọ̀ mí rí pé ilé mi ti ṣófo ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú. Mo ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe nígbà tí ìjì ká páànù ṣọ́ọ̀bù wa lọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti ilé, tó ní kò sí nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé abẹ́ òjò ló dúró sí tó ń sọ ọ́. Mo ní bó bá dé inú sàréè, tí àwọn màlékà bá bi í léèrè, lafiya lau ló máa fi dá wọn lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ síyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ìgbéraga ni. Bá mi fi ara balẹ̀."

Ó yẹ kí ìyẹn fu mí lára. Ọkùnrin yìí kì í gba ẹ̀bi kíákíá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í yẹ ẹjọ́ tó jàre wò lẹ́ẹ̀kejì? Ó ti rẹ̀ mí, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fóònù dún, a ti wà nídìí táǹkì. Ó gbé ohùn fóònù náà síta kí èmi náà lè máa gbọ́. Wọ́n kí ara wọn, n kò sì mú ojú kúrò lára rẹ̀. Yàhàyá wá béèrè pé gáàsì ńkọ́.

Ó ní, "Ó ti tán. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a kò ti dáná." Ó sọ ọ́ gaara. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

"Allah ya kawo sauƙi, kí Ọlọ́run mú un rọrùn. Ó yá, ẹ ka aago fún mi."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ síwájú aago náà títí fìlà rẹ̀ fi kan irin. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ó wà lórí òfo."

Èmi náà wo aago. Kò sí lórí òfo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, dúdú lára funfun, ó hàn kedere.

Yàhàyá ní, "Alhaji, aago irú táǹkì yìí kì í dé òfo, bí gáàsì tilẹ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa."

Ọkọ mi nàró. Ó na ọwọ́ síhà ibi tí n kò sí. "Àgbékẹ́," ó ní, "wá bá mi kà á." Láti ìgbà tí mo ti bí Fathiat, kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Yàhàyá gbọ́ ohùn mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní rárá o, Hajiya, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí ló gbọ́dọ̀ kà á.

Ọkọ mi wá fi Hausa sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì, pé, "Ọmọ mi, n kò rí i. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, funfun nìkan ni mo ń rí. Ohun tí mo ń sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé, mo kàn ń fojú bù ú ni."

Yàhàyá fi òfin rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n kà á, mo kà á, ó ní ọkọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi kò sì dùn rárá. Ojú ara mi ló ń tì mí. Orí ibùsùn kan náà ni a jọ ń sùn láti ìgbà ọyẹ́.

Mo fà á jókòó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, tó jẹ́ kí n bú òun bẹ́ẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ní ká máa lọ sílé," ó ní. "Ilé tí mo ti fi sílẹ̀ láti kékeré, ọmọdé ni yóò máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ààrò yìí, Àgbékẹ́, bí iná rẹ̀ bá ti ń jó, mo mọ ibi gbogbo tí mo wà."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé a kò lọ síbì kankan, pé dókítà ojú máa rí sí i, pé kò sí nǹkan kan. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ.