Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé

Ummu-Kulthum gbé ife omi lé igun pépà náà kí afẹ́fẹ́ má baà ká a, ó wá fi ìka tẹ ìlà pupa gígùn kan lórí rẹ̀.

“Èyí ń kọ́?”

“Fẹ́ǹsì ni, Màmá,” ni Fẹ́yìsayọ̀ fi dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún fi kún un: “Ṣọ́ọ̀bù méjìlélógún ni yóò wà lára rẹ̀.”

Ta ni yóò bá a wí? Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ Ọ̀mù-Àrán yìí ti fi ń ya àwòrán àdúgbò tuntun tí ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ kọ́ sí ẹ̀yìn Ìlọrin: irínwó ilé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹbí Ààfáà Mọ̀múdù, ọkọ Ummu-Kulthum, ló ni ilẹ̀ náà. Ìgbà mẹ́rin ni Fẹ́yìsayọ̀ ti bá àwọn ọkùnrin ẹbí jókòó lábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ka ohun gbogbo fún un, kànga, itẹ́ òkú, ààlà oko, kò sì sí èyí tí kò fi sínú àwòrán. Lónìí, tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Ààfáà yóò fọwọ́ sí i. Torí pé Fẹ́yìsayọ̀ tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n ṣe ní kó wọlé lọ dúró lọ́dọ̀ ìyàwó ilé. Ká ní ó pẹ́ dé ni, kò bá má mọ ohunkóhun.

Ummu-Kulthum kò tíì gbé ìka kúrò. Ó béèrè pé ilé Aishah dà. Aishah ni àbúrò Ààfáà, opó tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Fẹ́yìsayọ̀ wá ilé náà rí, ó fi hàn án ní òdìkejì ìlà pupa.

“Báwo ni màá ṣe wá máa dé ibẹ̀?”

Fẹ́yìsayọ̀ ṣàlàyé pé ẹnu géètì ńlá ni yóò gbà jáde sí títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò sì gbé e yí po láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Létí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹlẹ́hàá ni Ummu-Kulthum, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti gbé e wọ ilé yìí, kì í sì í gba ojú títì lọ́sàn-án.

Ó dìde, ó gbé kúlà kékeré kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní kó máa bọ̀.

Ọ̀nà wà níbẹ̀. Ó rí tóóró, ó gba abẹ́ àwọn igi kajú láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ títí tí koríko kò fi hù níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn méje ló ṣí sí i. Lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, obìnrin méjì jókòó tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò bo ojú, nítorí ọkùnrin kì í gba ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló sì mú àwọn awọnlẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà ká. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè, ewé kajú nìkan ló hàn. Ojú ti Fẹ́yìsayọ̀. Odindi oṣù mẹ́jọ, òun tóun jẹ́ obìnrin, kò wá sí i lọ́kàn láti wọ inú ilé kó bi ẹnì kan léèrè.

Aishah ti ń retí wọn. Ummu-Kulthum gbé orí rẹ̀ lé apá, ó ń fi ṣíbí fún un ní kókò díẹ̀díẹ̀, ó ń nù ún lẹ́nu, ó sì ń ròyìn ilé fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń wá. Nígbà tí kókò tán, ó wo Fẹ́yìsayọ̀.

“Mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ, ọmọ mi. Ilé ìwòsàn yẹn, a fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fún eléyìí lóúnjẹ?”

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni fóònù dún. Olúfẹ́mi, ọ̀gá Fẹ́yìsayọ̀, ló ń béèrè bóyá Ààfáà ti fọwọ́ sí i. Ó ní katakata ti wà ní sẹpẹ́ fún ọjọ́ Ajé, àti pé bí òun ò bá rí ìwé yẹn lónìí, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ààfáà ti dé, ó ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́. Ọlọ́yàyà èèyàn ni. Ó ní àbí wọ́n ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ara ilé ni. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ibi tí Ààfáà fẹ́ fọwọ́ sí.

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀nà kan wà tí mi ò yà.”

“Ọ̀nà wo? Kò sí ọ̀nà níbẹ̀.”

“Bàbá, ta ló ń fún àbúrò yín lóúnjẹ?”

Ààfáà wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

“Alaalẹ́ ni mo ń lọ kí i. Mo máa ń bá a pé ó ti yó.”

Ó dé bíírò, ó ní kó ya ọ̀nà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Fẹ́yìsayọ̀ rìn ín, kò lè ṣírò gbogbo ibi tó ti yà. Ààfáà náà ò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí ibi kọ́tìnì tí ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀: “Ummu, ibo ló gbà?”

Ummu-Kulthum bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó ń ka ilé kọ̀ọ̀kan láìkánjú, pẹ́ńsùlù ń tẹ̀ lé e. Ìlà pupa já. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún lọ. Fóònù tún ń dún nínú báàgì, Fẹ́yìsayọ̀ jẹ́ kó dún. Pépà fẹ́ ká, ni Ààfáà bá gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ lé igun kan, ó fi ọwọ́ di ìkejì mú, ó tẹrí ba bí ọmọ kéú níwájú wàláà. Nígbà tí ohùn náà dúró díẹ̀, òun tí wọ́n bí sínú ilé yìí ló rọra béèrè:

“Lẹ́yìn igi kajú yẹn ń kọ́?”