Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹlẹ́nu Méjì

Sísì Ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn bíríkìlà ń pè é, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pariwo pálọ̀ ńlá kiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lòun máa ń kọ́kọ́ fà sórí bébà. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọrùn ilé," ni yóò wí. "Ẹni tó lórí tó lára tí ò lọ́rùn ńkọ́? Òkú nìyẹn o." Yóò tún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ò bá ní ẹnu méjì, pàkúté ni, kì í ṣe ọ̀nà.

Ìgbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ wá ní kó bá òun tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òun ṣe, ó yẹ kí ara ti fu ú. Táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé lọkùnrin náà ń tà, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀ lójú àlejò.

"Àǹtí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó wà níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ bá mi dí i pa. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa jáde nílé mi láìgba iwájú mi kọjá."

Àbúrò dúró lẹ́yìn ọkọ ẹ̀, ó we ìborùn mọ́ ọrùn nínú ooru tó mú ganrínganrín. Sísì mọ ohun tó wà lábẹ́ ìborùn. Lílù ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìfọ́tí, ó dórí bẹ́líìtì, àlàbọrùn wá ń di ẹ̀wù. Sísì ti bẹ àbúrò rẹ̀ títí pé kó kẹ́rù jáde, ṣùgbọ́n ọkọ ti búra pé ọjọ́ tó bá dán an wò lòun máa pa á.

Inú bí Sísì dé góńgó, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí wàhálà. Ó yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù gíga sí ojú rẹ̀. Onítáìsì rò pé búlọ́ọ̀kù ló wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Irọ́ ńlá! Pákó fẹ́lẹ́ ni, ìṣó kéékèèké ló gbé e dúró, Sísì sì kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà ògiri.

"Bó bá tún gbọ́wọ́ sókè," ó sọ sí àbúrò rẹ̀ létí, "kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn, kó o fẹsẹ̀ ta ẹ̀yìn. Ìta lo máa bára ẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. "Àǹtí, ó ti rí báàgì tí mo dì." Fóònù kú. Bí Sísì ṣe wa mọ́tò débẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló forí lé tààrà.

Yéè! Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù ti ògiri níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ga débi ọrùn. Onítáìsì fẹ́ mọ ọgbà rẹ̀ ga sí i, ibi tí àwọn tó gbé búlọ́ọ̀kù wá rí ni wọ́n já a sí. Lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù náà, ẹsẹ̀ ń ta pákó: gbì! gbì!

"Kò ṣí o! Àǹtí mi, kò ṣí!"

Òòlù ń fọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé. "Eku ti wọ pàkúté!" Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín gan-an ni.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òun tó ń pariwo ẹnu méjì lójoojúmọ́, ẹnu inú nìkan ló tọ́jú! Sísì bẹ̀rẹ̀ sí í ju búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èékánná rẹ̀ ya, búlọ́ọ̀kù kan já lé e lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ gbà wá o! Ó ń pa á!"

Aládùúgbò kan yọjú lójú wíńdò òkè. "Ahọ́n àti eyín ń jà," ó ní, "wọ́n á parí ẹ̀." Ó fa kọ́tìnì, ó yí rédíò rẹ̀ sókè.

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù wálẹ̀ dé orúnkún, pákó ya. Orí àbúrò jáde, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ojú kan ti dí. Ó fàyà fà jáde dé ìdí, ló bá tún ń padà sínú. Onítáìsì ti gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀ mú, ó ti gbé òòlù sókè.

"Ìwọ àgbàyà yìí! Òkú ẹ̀ lo máa gbé lọ!"

Ẹ ò rí i? "Ẹ" ti di "ìwọ". Sísì náà gbàgbé pé àna lòun. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé búlọ́ọ̀kù, ó sọ ọ́ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Eegun ró kẹ́! Òòlù já bọ́, ẹsẹ̀ àbúrò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ti ẹsẹ̀ àbúrò mi nìyẹn," ni Sísì wí. Ó gbé òmíràn. "Èyí, ti ọrùn ẹ̀ ni." Ó sọ ọ́ lé e léjìká.

"Yéè! Wọ́n pa mí o! Ẹ gbà mí!"

Igbe yẹn ò tí ì délẹ̀ tí géètì fi ṣí gbàgà. Onírédíò ló ṣáájú, kò wọ bàtà, igi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin ojúlé kejì tẹ̀ lé e, onísọ́ọ̀bù ìkóríta náà ń sáré bọ̀.

"Ta ló ń pa ọkùnrin yìí? Kí ló ṣe é?"

Sísì ti fa àbúrò rẹ̀ jáde, ó gbé e jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ìborùn nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Háà," ó ní, "ẹ kúkú mọ ọ̀nà ilé yìí."