Sàráà Ojú Egbò Kékeré

Nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀rọ ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún Sàrátù, ìyàwó mi tó ti di olóògbé báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Salman, ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Bí inú bá ń bí i, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe.

Ọ́fíìsì dókítà ní Èkó la jókòó sí. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni wọ́n rí lára Sàrátù, wọ́n sì ní kí a tètè yọ ọ́. Èmi ti gbà. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé wọn ní Ẹdẹ, wọn kì í fi abẹ kan ọmọbìnrin ilé tó wà lọ́dọ̀ ọkọ láìjẹ́ pé ará ilé bàbá rẹ̀ gbọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí Salman fi bá wa wá.

Ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ máa wà?"

Dókítà Fèyísọ́lá kò dàgbà ju Zulfah ọmọ wa lọ. Ó dáhùn pé, "Inú yàrá kan náà ni, sà. Màá jókòó sídìí ẹ̀rọ, màá máa fi kámẹ́rà wo inú wọn. Bí mo bá ṣe ń yí ọwọ́ mi ni ọwọ́ ẹ̀rọ á ṣe máa yí. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á dúró. Kò lè dá nǹkan kan ṣe. Dókítà mìíràn á sì dúró tì wọ́n."

"Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà, bátìrì sì wà nínú ẹ̀rọ. Bí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, a máa fi ọwọ́ parí ẹ̀."

Sàrátù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ní òun fẹ́ rí ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú wa lọ sídìí èyí tí àwọn dókítà fi ń kọ́ṣẹ́. Onídìrí ni ìyàwó mi, ìka rẹ̀ kì í sinmi. Ó ki ìka bọ inú òrùka ẹ̀rọ, ó rọra fi wọ́n ko ara wọn. Lọ́hùn-ún, àwọn ìka irin tíntìntín ṣa ìlẹ̀kẹ̀ kan, wọ́n jù ú sínú ife.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Àáké lásán ni. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ń gé igi."

"Àáké wo ló ń gbé inú yàrá onífẹ́ẹ́rẹ́ tútù bí ọba?" Salman dáhùn, ó dé fìlà rẹ̀. A mọ̀ pé ó ti gbà.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, Sàrátù sọ fún mi pé, "Bàbá Zulfah, ohunkóhun tí wọ́n bá rí, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi. Mi ò fẹ́ máa fi ojú àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n." Mo ṣèlérí.

Dókítà yára jáde ju bí a ṣe rò lọ. Ó mú èmi àti Salman sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kámẹ́rà wọlé, ó sì fi ohun tí àwòrán àkọ́kọ́ kò gbé jáde hàn wọ́n: àrùn náà ti fọ́n ká ara ìfun àti ẹ̀dọ̀ bí èso ọkà bàbà.

"Ẹ̀rọ náà ríran dáadáa, sà. Kò sí ohun tí mo lè gé níbẹ̀ tí kò ní pa wọ́n. A ti pa á dé. Oògùn wà tó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wò ó sàn."

Salman jẹ́ kí dókítà lọ ná. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un. Ìbànújẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pa á."

"Mo ti ṣèlérí fún un, Alhaji."

"Ọmọ bàbá mi ni."

"Ìyàwó mi ni."

Nígbà tí Sàrátù jí, ó béèrè. Mo ní kó jẹ́ kára rẹ̀ kọ́kọ́ yá, kí a délé.

Nígbà tí a dé Ẹdẹ, àwọn obìnrin ilé wá kí i. Ẹni tí wọ́n bá ti là níkùn rí láàárín wọn, àpá rẹ̀ máa ń gùn láti ìdodo dé ìsàlẹ̀. Sàrátù ká aṣọ sókè, wọ́n rí àwọn ojú egbò kéékèèké tí kò ju èékánná lọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Egbò kékeré, àrùn kékeré: ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, òun náà sì gbà á gbọ́. Kí n tó mọ̀, Zulfah ti rẹ ẹ̀wà àkàrà sàráà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, epo ti gbóná lágbàlá, àlùfáà ti jókòó.

Mo wọ yàrá. Ó ń wé ìbòrí.

"Ìyá Zulfah, jókòó."

Ó wò mí, ó jókòó. "Wọn ò yọ ọ́."

"Wọn ò yọ ọ́. Ó ti tàn káàkiri. Wọ́n wò ó, wọ́n sì pa á dé."

"Ẹ̀rọ ló ní kò ṣeé ṣe ni, àbí dókítà?"

"Dókítà ni. Ẹ̀rọ kàn jẹ́ kó ríran ni."

Ó mi orí. Ó wé ìbòrí rẹ̀ tán, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e.

Àlùfáà bi í, bí wọ́n ṣe máa ń bi olówó sàráà, pé àdúà wo ni kí àwọn ṣe. Salman ti ń dáhùn pé ọpẹ́ ni, Sàrátù gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ bá mi tọrọ àforíjì. Kí ẹ sì bẹ Ọlọ́run kí ikú mi má le."

Salman wò mí. Mi ò wo ojú rẹ̀. Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa gbé tiwa. Zulfah nìkan ni kò gbé tirẹ̀. Ó dúró ti agbada, ṣíbí àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkàrà sì ń jóná níwájú rẹ̀.