Bẹ́ńṣì Búlúù Ọjọ́ Ìkórè

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín, kí n lè sọ ọ́ parí.

Ìjọ aláṣọ funfun la wà, ní Igbó-Elérin. Bàbá mi, Wòlíì Àlàbá, ni olórí wa. Lọ́dún 1991, bàbá mi ní kí wọ́n kan bẹ́ńṣì mẹ́rin síta, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ìjókòó ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Páìnì olóògùn ni wọ́n rà ní Òkòkómáìkò, igi tí wọ́n ti rì sínú oògùn kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ó ṣì tutù, àwọ̀ ewé hàn lára ẹ̀.

Dàpọ̀ pẹ́ńtà, ọmọ ìjọ wa, ni wọ́n pè. Bàbá mi ò mọ̀ pé Dàpọ̀ ọ̀hún lèmi Àyọ̀ká ń fẹ́. Àní wọ́n ti búra: "Àyọ̀ká ò ní fẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ló máa fẹ́." Akọ̀wé wo? Ẹni tí mi ò rí rí! Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Dàpọ̀ gbé àwọn bẹ́ńṣì náà lé orí búlọ́ọ̀kù, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọn. Láràárọ̀ ló ń ta omi sí igi náà lára. Omi ń yí gbirigbiri bí ìgbà tó bá wà lórí ewé kókò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó sọ fún bàbá mi, "igi yìí ò tíì mu omi. Èyí tí kò bá mu omi, kò lè mu ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, màá fi sáńpépà ha á, màá nù ún, kí n tó kùn ún."

"Ṣé ìkórè ló máa dúró de igi ni? Kùn ún lónìí!"

Mo fa Dàpọ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. "Kùn ún jàre! Ṣé igi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí èmi? Tó o bá bá bàbá mi jiyàn, ó ti parí fún wa nìyẹn."

Ló bá ha á, ó nù ún, ó kùn ún. Búlúù ẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Bàbá mi pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e kí àwọn tó gbàdúrà sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, téèyàn bá fọwọ́ kàn án, kò lẹ̀ mọ́ni. Ojú ẹ̀ ló gbẹ, inú ò gbẹ. Dàpọ̀ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló gbàgbé! Ẹ ò rí ohun tí ìfẹ́ ń fi èèyàn ṣe! A jọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ńṣì náà, èyí tó wà lẹ́yìn ilé, oòrùn ń ràn, à ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí agogo fi dún.

Nígbà tó kan ijó ọrẹ, a tò síwájú. Ni ẹ̀rín bá bú lẹ́yìn mi. "Àyọ̀ká, kí ló wà nídìí ẹ?" Ilà búlúù mẹ́ta gbọọrọ lára sùtánà funfun! Wọ́n wo ìdí Dàpọ̀: ilà búlúù mẹ́ta gbọọrọ. Hàà, mo gbé! Mo mọ̀ pé Dàpọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Bàbá mi dojú kọ wá láti ibi pẹpẹ. "Ẹ̀yin méjèèjì, ibo lẹ jọ jókòó sí? Kò sóhun tó pamọ́ lójú Olúwa!" Inú bí wọn gan-an. Wọ́n bá yí padà láti kúnlẹ̀.

Yéè! Ilà búlúù mẹ́ta gbọọrọ, nídìí Wòlíì!

Kíá, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí ẹnìkejì. Màmá Janet, opó tó ń se oúnjẹ ìjọ, nìkan ló fẹ̀yìn ti ògiri látàárọ̀, wọ́n kọ̀ wọn ò jó. Ìyá Ìgè, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, fà wọ́n lọ́wọ́: "Ẹ yí padà, ẹ jẹ́ ká rí i." Wọ́n yí padà. Ṣé mo tún fẹ́ máa ka ilà fún yín ni?

Ta ló fẹ́ gbọ́ ìwàásù mọ́? Àwọn akọrin ń yí nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi ti ń dá gbé látìgbà tí ìyá mi ti kú. Inú mi dùn fún wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá mi wo ìdí ara wọn, wọ́n wo tiwa, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Dàpọ̀, lọ mú karosíìnì wá, ká fi nu ọ̀dà yìí kúrò. Tó o bá ṣe tán, kí àwọn òbí ẹ wá rí mi."

Mo pariwo, mo dì mọ́ Dàpọ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

Màmá Janet náà gbóhùn sókè láti ìdí ògiri: "Wòlíì, ẹbí tèmi ńkọ́? Ta ló ń lọ rí wọn?"