Àwo Méjì Nínú Aró

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Fàòsíyà ń fọ àwo orin bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, aró kò kúrò. Ó fi kànrìnkàn ha á, ó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ha á. Ìlà wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń tọ̀, sódà inú aró ti jẹ wọ́n tán.

Jedidiah, olùkọ́ yunifásítì láti Alábàtà, wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Alhaji Mùsílíù, bàbá Fàòsíyà, ti fa páálí àwo náà yọ lábẹ́ ibùsùn fún un. Òfìfo ni wọ́n bá. Ni Alhaji bá ní kí Fàòsíyà lọ bá àwọn mú àwo méjèèjì wá.

"Mo ti wá a káàkiri, Bàbá," Jedidiah ń wí. "N kò rí òmíràn."

"Ibo lo ti fẹ́ rí i? A po jáàsì mọ́ rọ́ọ̀kì, àwọn èèyàn ní ariwo lásán ni. Àwa mẹ́fà la jọ ṣe é, èmi nìkan ló kù. Mo fẹ́ gbọ́ fèrè mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú."

Fàòsíyà gbọ́ ọ lójú fèrèsé, ojú gbà á tì. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun aládìrẹ ló ní Alhaji tó ti Mẹ́kà dé kò tún nílò orin mọ́, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àmọ́ ó dúró kí Alhaji lọ kírun kó tó yọ àwo náà nínú páálí, nítorí náà ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ká aṣọ, ó fi àwo méjì há a láàárín, ó so ó pinpin, ó rì í sínú aró. Ibi tí àwo bò funfun roboto, bí òṣùpá. Àwọn oníbàárà ní ọjà Ìtòkú ń du aṣọ náà. Ó tilẹ̀ rán bùbá fún Alhaji nínú rẹ̀, òun ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ lónìí, ọjọ́ Jímọ̀.

Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Alhaji, n kò rí i. Bóyá ó sọnù nígbà tí a kun ilé."

Jedidiah bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀. Alhaji fi ìka kan òṣùpá tó wà láyà bùbá rẹ̀, láàárín gan-an, níbi tí aró ti gba ihò àwo wọlé, tó kán tóó sórí funfun. Fàòsíyà máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àmì iṣẹ́ òun nìyẹn.

"Ọjọ́ tí o fún mi láṣọ yìí ni mo ti mọ̀," ni Alhaji wí. "Mo rò pé tí o bá gbọ́ pé mo fẹ́ gbọ́ ọ, wàá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Ọdún mẹ́ta. Gbogbo Jímọ̀ ni Alhaji máa ń fọwọ́ pa òṣùpá yẹn kó tó jáde, tí Fàòsíyà á máa rò pé iṣẹ́ òun ló ń yìn. Fàòsíyà wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Aró kún wọn dé ọrùn ọwọ́, kò sì rí ibi tó máa fi wọ́n pamọ́ sí.