Ìṣẹ́jú Tó Ń Sọnù Lójú Òfuurufú

Ogójì ìṣẹ́jú ni bàálù ń fò láti pápá bàálù kékeré tí Ọ̀gá Àkókò ti ń fi rédíò bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ dé èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn òkè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi rúlà wọn ọ̀nà náà lórí máàpù, bó bá sì ti wọn nǹkan, ó ti tán nìyẹn. Kí ló wá dé tí bàálù Onígíláàsì, awakọ̀ tí kì í bọ́ gíláàsì dúdú lójú, fi ń lo wákàtí kan gbáko, láti ìgbà tí ìyàwó ti lọ síbẹ̀ kó lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀?

Ẹ̀rín ló dùn ún jù. Bó bá ti ku díẹ̀ kí bàálù balẹ̀, á gbọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí rédíò: “Ẹ dúró ná, Awakọ̀, ẹ má tíì bọ̀ o!” Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín.

“Àtíkè ni ìyàwó mi ń kùn de awakọ̀ yẹn,” ni Ọ̀gá wí fún ìyá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ kúkú bi wọ́n léèrè.”

“Kí n bi ta ni? Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.”

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ra gíláàsì dúdú tó tóbi ju ti awakọ̀ lọ, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn Onígíláàsì nínú bàálù.

Ogójì ìṣẹ́jú pé géérégé, pápá yọ nísàlẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n bàálù kò balẹ̀. Ó ń yí po, inú Ọ̀gá náà ń yí tẹ̀lé e.

“Kí lò ń dúró dè?”

“Ẹ wolẹ̀, Ọ̀gá.”

Ìyàwó rẹ̀ rèé, rédíò há sábẹ́ apá, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń lé agbo ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà bàálù. Òbúkọ kan kọ̀ jálẹ̀.

“Ewúrẹ́ ta nìyẹn?”

“Ti ìyá ìyàwó yín ni. Ìyàwó yín ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ ó fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá iṣẹ́.”

Ọ̀gá rántí ewúrẹ́ méjì tí òun fi ta ìyá ìyàwó lọ́rẹ, tó fi pariwo kiri títí etí ará àdúgbò fi di. Àwọn yẹn ló ti bímọ di agbo yìí. Kó tó lè sọ̀rọ̀, ó bì sórí táì.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ìyàwó sáré wá. “Olówó orí mi! Ṣé kò sí láburú?”

Ọ̀gá ṣì ń fi áńkáṣíìfù nu táì.

“Láburú wo?” Onígíláàsì gbà á sọ. “Àárò yín ló ń sọ wọ́n. Wọ́n ní oorun ò kun àwọn mọ́.”

Ìyàwó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, tòun ti èébì. “Ẹ ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí!”

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì. “Òótọ́ ni,” ó rọra wí, “àárò rẹ ń sọ mí.” Ṣùgbọ́n láti orí èjìká ìyàwó, ojú Onígíláàsì ló ń wò, bí ẹni ń wo olè tó jí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.