Páúdà Ìyá Nevena

Ọmú òsì ni kókó náà wà. Ibi tí Nevena ti ń wẹ̀ ló ti fọwọ́ kàn án, àyà rẹ̀ sì já. Ọmú òsì náà ni jẹjẹrẹ ti mú ìyá rẹ̀. Ewé kábéèjì ni ìyá ń dì mọ́ tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ bí oògùn, títí ẹpa ò fi bóró mọ́. Ta ni ká bá wí? Àwọn obìnrin Kazanlak, ìlú wọn tí wọ́n ti ń gbin òdòdó róòsì, láyé ìgbà yẹn kì í bọ́ra sílẹ̀ fún dókítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ ya àwòrán ọmú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kókó lásán ni tàbí jẹjẹrẹ, Nevena gbé agolo páúdà ìyá rẹ̀ jáde. Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òdòdó róòsì pò ó. Tí wọ́n bá já òdòdó dé lóṣù Karùn-ún, á ní, "Sún mọ́ mi, Nevena. Obìnrin kì í fi òógùn lọ sáàárín èèyàn." Á pa á fún un láyà, á pa á lábíyá, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Ìsàlẹ̀ agolo ló kù. Nevena fi gbogbo rẹ̀ pa.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà tẹ ọmú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó dùn ún wọra. Nígbà tí Dókítà Rumyana wo àwòrán náà, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé òun ni?" Nevena bèèrè.

"Màmá, kókó yẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn nǹkan funfun wínníwínní tó yí i ká yìí ni. Jẹjẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà míì."

Orí Nevena fò lọ. Ó ti rò pé ó parí.

Rumyana fa imú. "Ẹ dákun, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Páúdà ìyá mi ni."

"Háà! Màmá, ṣé ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni? Ẹ̀rọ yìí ń rí páúdà! Ẹ lọ wẹ̀ ẹ́ kúrò kíá!"

Kò rọrùn o. Tó bá ti wẹ̀ ẹ́, ó tán láyé nìyẹn. Ó wẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún.

Nínú àwòrán kejì, gbogbo funfun yẹn ti lọ. Kókó náà rí roboto, etí rẹ̀ jọ̀lọ̀. Rumyana tún fi sìkáànì, ẹ̀rọ tó ń wo inú ara, yẹ̀ ẹ́ wò.

"Omi lásán ló wà nínú rẹ̀, Màmá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ máa lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ jẹun."

Nevena dúpẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Àwòrán àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bàjẹ́. Mo fẹ́ pa á rẹ́."

"Má pa á rẹ́, ọmọ mi. Bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn."